Ilẹ̀ Ojú Irin Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òkú

   Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí fẹ́ sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, níbo ni a ó ti sọ ọ́? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Gbogbo ẹni tí ó wà ní ìpàdé wa tí ó kọjá ni ó mọ ohun tí a ń wí. Ẹnìkan wá fi ilẹ̀ lọ ẹgbẹ́ wa, ilẹ̀ gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin àtijọ́, ní iye tí kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń ta ilẹ̀ nígboro. Wọ́n ní kí a rà á, kí a kọ́ gbọ̀ngàn tí a ti ń dáwó fún láti ọjọ́ pípẹ́ sórí rẹ̀. Nígbà tí a béèrè ìwé ilẹ̀, wọ́n ní ìwé ń bọ̀. Nígbà tí a béèrè bóyá ilẹ̀ náà kì í ṣe ti Rélùwéè, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Rélùwéè wo? Ṣé èyí tí ó ti kú?”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi, wá dìde. Baba ní ọmọ àwọn kan ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn lọ kí i, àwọn sì fojú ara àwọn rí ìlú kan tí ń jẹ́ March, níbi tí àwọn òyìnbó tí ó mú ojú irin wá fún wa ti kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sórí ilẹ̀ ojú irin tiwọn. Baba ní, “Bí ẹni tí ó ni òkú bá ti sin òkú rẹ̀, kí ni tiwa tí a ṣì jókòó tí à ń ṣọ́fọ̀?” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Àwa kò pàtẹ́wọ́. A lọ wádìí ìtàn ìlú March. Ohun tí a rí ni pé Baba kò purọ́ rárá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ìtàn ni ó dé etígbọ̀ọ́ wa ní ọjọ́ náà, ààbọ̀ tí ó kù sì ni ó yẹ kí a gbọ́ kí ẹgbẹ́ tó na kọ́bọ̀ kan.

TA NI Ń JẸ́ MARCH?

Ẹ má ṣe rò pé oṣù kẹta ni à ń wí o. Orúkọ ìlú ni. March jẹ́ ìlú ọlọ́jà kékeré kan ní Cambridgeshire, ní ìhà ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2011, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 22,000. Àárín ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ń pè ní Fens ni ó wà, ilẹ̀ tí wọ́n fi ọgbọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ títí ó fi di ilẹ̀ oko ọlọ́ràá. Odò Nene àtijọ́ ṣàn gba àárín ìlú kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sọrí Wendreda Mímọ́. Àwọn áńgẹ́lì onígi tí wọ́n gbẹ́ sí òrùlé rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá gbójú sókè wo òrùlé yẹn yóò mọ̀ pé ìlú náà ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ojú irin.

Síbẹ̀, kò ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nígbà náà. Abẹ́ ìjọ Doddington ni ṣọ́ọ̀ṣì March wà láyé àtijọ́. Lónìí, abúlé ni Doddington, March sì ni ìlú. Kí ni ó yí ipò wọn padà? Ojú irin ni.

Ní 1847 ni ibùdókọ̀ ojú irin March ṣí, lórí ọ̀nà tí ó ti Ely lọ sí Peterborough. Ní ọdún kan náà ni wọ́n la ọ̀nà kan láti ibẹ̀ lọ sí Wisbech. Ní 1848, ọ̀nà St Ives dé. Ní 1867, ọ̀nà Spalding dé, láti 1882 ni èyí sì ti di ara ọ̀nà ńlá tí ń gbé èédú ilẹ̀ láti àríwá wá sí ìhà ìlà oòrùn. Ẹ kà á wò: Ely, Peterborough, Wisbech, St Ives, Spalding. Ọ̀nà márùn-ún pàdé ní ìlú kékeré kan ṣoṣo. Bí oríta bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọjà kò ní ṣaláì kún.

Ní 1929 àti 1933, ilé iṣẹ́ ojú irin LNER sọ Whitemoor, ní ẹ̀yìn ìlú náà, di àgbàlá ńlá tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ẹrù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọn á ti ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù gun òkè kékeré kan, wọn á tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ á yí gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ sórí irin tí ó yẹ ẹ́. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì á sì fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mọ́, kí ó má ba sáré jù. Èédú ń wọlé, ànàmọ́ òyìnbó, èso àti ewébẹ̀ láti oko Fens ń jáde, tọ̀sán-tòru. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé, yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní Hamm ní Jámánì, kò sí irú rẹ̀ ní títóbi ní gbogbo Yúróòpù.

Ẹ̀yin tí bàbá yín wá sí Zaria gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tésàn, dírẹ́bà rélùwéè, gáàdì tàbí alágbẹ̀dẹ, irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Fèrè ọkọ̀ ni aago wọn. Bí bàbá bá fẹ̀yìntì, ọmọ á wọlé. Nígbà tí agbègbè Isle of Ely ní ìgbìmọ̀ ìjọba tirẹ̀, láti 1889 títí di 1965, March ni wọ́n ń jókòó sí. Ìlú tí ó wà lábẹ́ Doddington ti di olú ìlú.

BÍ NǸKAN ṢE YÍ PADÀ

Ọdún 1963 ni idà jáde. Dókítà Richard Beeching, alága àjọ ojú irin ilẹ̀ Britain, kọ ìwé fún ìjọba pé kí wọ́n pa ibùdókọ̀ 2,363 rẹ́, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú nǹkan bí máìlì 5,000 ojú irin, nítorí pé wọn kò mówó wọlé. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé òyìnbó kì í jẹ́ kí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí dáadáa.

March jẹ nínú ìyà náà. Ní 1967, wọ́n ti ọ̀nà March sí St Ives pa. Ní 1968, ọkọ̀ èrò kò lọ sí Wisbech mọ́. Ní 1982, wọ́n ti ọ̀nà Spalding pa. Ọ̀nà márùn-ún di méjì fún èrò. Ní Whitemoor náà, lọ́rì àti tírélà ti gba ẹrù lọ́wọ́ ojú irin, èédú kò sì gba ibẹ̀ kọjá bíi ti àtẹ̀yìnwá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ti àgbàlá náà, títí ó fi dákẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní 1991, ìjọba ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n Whitemoor sórí apá kan ilẹ̀ náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ọkùnrin tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn wúwo jù lọ.

Ibí ni ìtàn Baba parí sí. Ibí gan-an ni tiwa bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́ NÍ ÌPÀDÉ

Èkínní, ibùdókọ̀ March kò kú. Títí di òní, ọkọ̀ èrò ń dúró níbẹ̀ lójoojúmọ́, lọ sí Peterborough, lọ sí Ely àti Cambridge. Ẹni tí ó wo ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó ní ojú irin March ti kú dà bí ẹni tí ó rí ẹ̀ka kan tí ó gbẹ, tí ó wá kéde pé igi ti wó.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Whitemoor ni wọ́n kọ́lé sí. Apá kan ṣófo, koríko hù níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ó dájú pé àwọn kan nígbà náà yóò ti máa sọ pé ilẹ̀ yìí ń ṣòfò. Ṣùgbọ́n ní 2004, Network Rail, àjọ tí ń tọ́jú ojú irin ilẹ̀ náà, padà sí ibẹ̀. Wọ́n tún àgbàlá ṣí sórí ilẹ̀ tí ó kù, láti máa kó òkúta, irin àti àwọn pákó kọnkéré tí irin ń sùn lé pamọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ọkọ̀ kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ojú ọ̀nà ṣe. Ilẹ̀ tí koríko bò ni ó di ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti gé e tà ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, ibo ni wọn ì bá padà sí?

Ẹ̀kẹta ni ó dùn wá jù. Ẹ rántí ọ̀nà March sí Spalding tí wọ́n pa ní 1982. Wọ́n ní kò wúlò mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹrù inú kọ̀ǹténà láti èbúté Felixstowe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lórí ojú irin, tí ó ń gba Ely àti March lọ sí àríwá. Ọ̀nà tààrà tí ì bá gbé e láti March bọ́ sí Spalding ti lọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ní láti gba Peterborough yípo, níbẹ̀ ni ó sì ti ń dábùú ojú irin ńlá tí ó ti London lọ sí Scotland, tí àwọn ọkọ̀ èrò tí ń sáré bí àṣá ń gbà. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ní Werrington, lẹ́bàá Peterborough, kí ọkọ̀ ẹrù lè gba abẹ́ kọjá. Iṣẹ́ náà parí ní 2021. Nǹkan bí mílíọ̀nù pọ́n-ùn 200 ni ó ná wọn. A kò sọ pé ọ̀nà Spalding tí ó kú nìkan ni ó fà á, nítorí wọ́n tún fẹ́ kí ọkọ̀ èrò máa yá sí i. Ṣùgbọ́n ta ni kò rí i pé ohun tí wọ́n jù nù ní 1982 ni wọ́n ń fi owó ńlá wá àrọ́pò rẹ̀ ní 2021? Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi Wisbech wé St Ives. Ní Wisbech, ọkọ̀ ẹrù ṣì ń lọ títí di 2000, wọn kò sì hú irin náà. Irin ṣì wà nílẹ̀ di òní, igi ló hù bò ó. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn ará Wisbech ti ń bẹ ìjọba pé kí ọkọ̀ èrò padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìjọba kò tíì dá wọn lóhùn tán, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ọ̀nà St Ives sí Cambridge ńkọ́? Èrò kò gbà á mọ́ láti 1970. Wọ́n hú irin rẹ̀, ní 2011 wọ́n sì ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì oníkọnkéré sójú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì dára, èrò sì ń wọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí i, kí ni ó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì rí ọ̀nà gbà? Nítorí pé ojú ọ̀nà náà ṣì wà gbọọrọ láìsí ilé lórí rẹ̀ ni. Ojú ọ̀nà ni ogún náà. Irin lè lọ, kí ohun mìíràn gba ipò rẹ̀. Bí ilé bá ti dí i, ó parí.

TA NI Ó TÀ Á FÚN WA?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n náà fún àwọn ará March níṣẹ́. Òótọ́ ni, a kò jiyàn. Ìlú tí àgbàlá ńlá rẹ̀ ti kú kò lè kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: ta ni ó kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà? Ìjọba ni. Ta ni ó ni ilẹ̀ ojú irin nígbà náà? Ìjọba kan náà ni. Onílẹ̀ ni ó lo ilẹ̀ rẹ̀, ó ṣe é ní gbangba, ìwé rẹ̀ sì pé. Bí ó bá tilẹ̀ ṣe àṣìṣe, àṣìṣe onílẹ̀ ni. Ẹni tí ó wá fi ilẹ̀ lọ̀ wá yìí ńkọ́, ta ni ó fún un? Àpẹẹrẹ March tí wọ́n fi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ kò gbè é rárá.

Wọ́n tún ní ojú irin wa ti kú. Zaria ti rí ikú ojú irin rí. Àwọn àgbà mọ ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti ibí lọ sí Bukuru ní ilẹ̀ Jos, tí wọ́n pa ní 1957. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì pẹ́ tí a ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ èrò lọ sí Gusau àti Kaura Namoda. A mọ ìrora náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ojú irin mú wá síbí. Ṣùgbọ́n ní 2016, ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Abuja dé Kaduna. Ní 2021, ti Lagos sí Ibadan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2021 kan náà, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ojú irin tuntun láti Kaduna sí Kano lélẹ̀, ìlú wa yìí sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pè é ní òkú, kí ó rora, kí òkú má ba jí mọ́ ọn lórí.

Bí ó bá sì jí, a mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á wá pẹ̀lú ọ̀dà pupa, wọn á kọ àmì X sára ògiri. Wọn kì í béèrè iye tí o fi kọ́lé. Katapílà kì í ka ìwé ìdáwó. Owó tí àwọn ìyá wa aláta àti aláṣọ ti ń dá láti ọjà, owó àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì, tí àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ ti kú, ṣé òkìtì àlàpà ni a fẹ́ fi ṣe ìrántí wọn? Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ìlú yìí, tí à ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe ohun tí wọn yóò fi tọ́ka sí wa, ṣé gbọ̀ngàn tí a kọ orúkọ Yorùbá sí iwájú rẹ̀ ni kí wọ́n bá lórí ilẹ̀ onílẹ̀?

OHUN TÍ A FẸ́

A kì í ṣe ọ̀tá gbọ̀ngàn. A ti sú sí yíyá gbọ̀ngàn ilé ìwé, tí wọn á ní kí a jáde kí ayẹyẹ tó parí. A fẹ́ ilé tiwa. Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ aláṣẹ.

Kí owó gbọ̀ngàn má ṣe kúrò ní báńkì títí a ó fi ṣe ìpàdé gbogboogbò, kí ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìrà ilẹ̀ náà dìde dúró, kí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ rán agbẹjọ́rò lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ àti sí ọ́fíìsì Rélùwéè, kí a mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà ní tòótọ́.

Bí Rélùwéè fúnra rẹ̀ bá ní ilẹ̀ tí ó fẹ́ yá wa, tí kò sí lójú ọ̀nà ọkọ̀, tí ìwé àti rìsíìtì rẹ̀ pé, a lè jókòó sọ ọ́. Bí kò bá sí, kí a ra ilẹ̀ kékeré nígboro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó tún dáwó fún ọdún méjì sí i.

Ẹ̀kẹrin le díẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin báyìí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lé wọn, nítorí jíjẹ mímu ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fa orúkọ ẹgbẹ́ wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tètè máa wá ibòmíràn kí ọ̀dà pupa tó dé.

Baba wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àwa ọmọ yín. Ẹ̀yin ni ẹ mú orúkọ March wá sí àárín wa, a sì dúpẹ́, nítorí bí ẹ kò bá sọ ọ́, a kò ní mọ ibi tí a ó ti kọ́gbọ́n. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìlú náà kò kú nígbà tí ọ̀nà mẹ́ta kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjà rẹ̀ wà, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Fenland ń jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń dúró. Ibi tí wọ́n ti fi ojú ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n rí nǹkan ṣe sí i lẹ́yìn ọ̀la. Ibi tí wọ́n ti dí i, owó ńlá ni wọ́n fi wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn náà ṣe àṣìṣe, wọ́n sì sanwó rẹ̀. Àwa kò ní irú owó bẹ́ẹ̀.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa dí ọ̀nà àwọn ọmọ wa. Kí ó jẹ́ kí a kọ́ gbọ̀ngàn wa sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lé wa kúrò. Àṣẹ.

Àwa ni,
Ìgbìmọ̀ Ìwé Ìrántí.